Àwọn Èkúté Tí Lorene Ń Yọ Dànù

Ẹ gbé ọwọ́ òsì yín síwájú dígí, kí ẹ wò ó: ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa rí! Orí mi wú lọ́jọ́ tí Lorene Hatcher, aládùúgbò wa ní Cleveland, fi ìyẹn ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Oje kan wà tí ẹ̀yà kékeré inú ọrùn wa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú ara gbóná, òun ló ń mú ọkàn sáré. Ti ara wa, òsì ni. Àwọn onímọ̀ wá ṣe irú rẹ̀ tó dà bí òjìji inú dígí, ìyẹn ọ̀tún.

Lorene ló ń tọ́jú àwọn èkúté tí wọ́n fi ń dán méjèèjì wò. Èyí tó bá gba òsì á máa sáré kiri, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkìkì. Èyí tó bá gba ọ̀tún á jókòó jẹ́ẹ́, síbẹ̀ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Àmọ́ láràárọ̀, kí wọ́n tó wọn èkúté kankan, Lorene gbọ́dọ̀ yọ arúgbó àti aláìsàn inú wọn dànù.

"Wọ́n ń ba iṣẹ́ jẹ́," ni Dókítà Pruett, ọ̀gá rẹ̀, máa ń wí.

Àbúrò Lorene, Dewey, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Àìsàn ọkàn ti gbé e ṣubú rí. Ilé ìwòsàn fún un ní ọ̀tún yìí bí oògùn, kí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dínkù. Ó gbé ìgò oògùn náà ka orí tábìlì Lorene, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n gbé e mì? Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ àwọn èkúté yín."

"Gbé e mì jàre. Àwọn tèmi tó ń gbà á, ńṣe ni wọ́n ń sùn bí ọmọ tuntun."

"Tí mo bá wá hu ìrù ńkọ́?"

"Ìyàwó ẹ á kúkú rí nǹkan dì mú tó o bá tún ń sá lọ ilé ọtí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dewey gbé e mì.

Kí òtútù ọdún yẹn tó lọ, ọkàn rẹ̀ ti ń lù ségesège. Ẹnu iṣẹ́ ló kú sí, ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Lorene padà síbi iṣẹ́, ó bi Pruett pé: "Dókítà, ṣé a tiẹ̀ fún èkúté tí ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́ ní ọ̀tún rí?"

"Báwo la ṣe fẹ́ fún un? Ṣebí ìwọ fúnra ẹ lò ń yọ wọ́n."

Èkúté arúgbó kan wà nínú àgò, tó ń mí gúlegúle. Lorene gbé e sórí òṣùwọ̀n.

"Yọ ìyẹn, Lorene. Á ba iṣẹ́ jẹ́."

"Òun gan-an niṣẹ́ náà, Dókítà."

Pruett di ìrù èkúté náà mú, ó jù ú sínú garawa. Lorene nu òṣùwọ̀n. Ó gbé èkúté ọ̀dọ́ tó kàn síbẹ̀.