Tíì Tó Tutù Lórí Ámípilifáyà

Bàbá ìyàwó mi kì í tẹ́tí sí ámípilifáyà kó tó mọ̀ bóyá ó dára. Ṣe ló máa ń gbé e. Tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bá ké, á ní, "Ẹ̀rọ rèé!" Tí kò bá ké, á dá a padà fún ẹni tó fẹ́ tà á, á sì tún bú u lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé sípíkà àti makirofóònù lọ síbi ìpàdé àti ayẹyẹ ilé-ìwé, ámípilifáyà yìí ló sì ń fún àwọn sípíkà náà lágbára. Àpótí irin dúdú ni tirẹ̀, kò sí ẹni tó gbé e tí kò pe orúkọ ìyá rẹ̀. "Wúwo-Ló-Dáa" làwọn oníbàárà ń pe bàbá náà, ó sì rò pé wọ́n ń kì òun ni.

Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àpótí yìí, kò lè nàró mọ́. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo ju àwo oúnjẹ lọ. Bàbá bi í pé oúnjẹ inú rẹ̀ ńkọ́. Bí ẹrù ṣe bọ́ sí èmi àna lọ́rùn nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́, mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ ámípilifáyà mọ́ ọn.

Bàbá wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn sípíkà, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó dùn mí, bí mo tilẹ̀ ń bú u nínú. "Ẹni tí ò lè gbé ẹrù ara ẹ̀," ó ní, "kí ló ń ṣe nídìí iṣẹ́?" Ó ti bá ọkùnrin kan tó ń yáni lága sọ ọ́ pé kó wá ra gbogbo ohun èlò òun.

Ìyàwó mi, tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, gbé ámípilifáyà tuntun kan wálé, kò wúwo ju bàtà méjì lọ.

"Kí ni wọ́n fi sínú ẹ̀, afẹ́fẹ́?" Bàbá bi í.

"Bàbá, èyí tó wúwo yẹn, bí ìdajì iná tó ń jẹ ló fi ń gbóná lásán. Eléyìí ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú tiẹ̀ dún."

"Ṣé o ti rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kì í làágùn?"

Ìyàwó mi wò mí. Mo gbójú sókè wo àjà.

Màmá, ìyá ìyàwó mi, ló dá ọgbọ́n. Ó fà wá sí kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ó ní, "Ẹ yọ ìfun èyí tó wúwo, kẹ́ ẹ kó tuntun sínú ẹ̀. Ojú ló fi ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ." A ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kérora tí mo bá ń gbé e. Mo kérora dé gbọ̀ngàn ìpàdé kan débi pé obìnrin kan bi mí bóyá kí òun pe dókítà.

Nígbà tí a tan ẹ̀rọ náà, ohùn rẹ̀ mi fèrèsé. Bàbá dìde. "Ẹ gbọ́ irin! Ṣé afẹ́fẹ́ lè ṣèyí?" Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà, bàtà tí ò lókùn. Ká sọ tòótọ́, etí mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan, ti Bàbá náà kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ó tún jókòó, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. "Ẹ̀rọ tó dára báyìí," ó ní, "n ò sì lè gbé e."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Irọ́ tiwa ò pẹ́ tó ìyẹn. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Bàbá ti máa ń gbé ife tíì rẹ̀ lé orí àpótí náà kó má baà tutù. Ó mu ún lọ́jọ́ yẹn, ó dáwọ́ dúró. Ó tẹ́ ọwọ́ lé àpótí bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Kò gbóná rárá.

"Yéè," Màmá sọ sí mi létí, "a gbàgbé tíì!"

Nígbà tí ìpàdé parí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àpótí náà, kí n tún máa kérora.

"Kúrò níbẹ̀," Bàbá ní.

"Ẹ̀yìn yín o!" Màmá ké.

Ó gbé e. Àpótí náà fò sókè, ó kù díẹ̀ kó gbá a lágbọ̀n. Mo ti ń to ẹ̀bẹ̀ jọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò bú wa. Ó dúró ṣánṣán, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó gbé àpótí sí abẹ́ apá, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin tó ń yáni lága yẹn wà, ó wá ra ẹrù. Kíá ni Bàbá tẹ̀ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àpótí mọ́ra. "Háà! Ẹ yà fún mi o! Irin yìí á pa mí!"

"Ẹ ní ẹ fẹ́ tà á," ọkùnrin náà sọ.

"Ta ló ní mo fẹ́ tà á? Mo níṣẹ́ lọ́la."

Ó kérora dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tí mo bá a níbẹ̀, ó sún mọ́ mi. "Ṣé o rí i? Bí wọ́n ṣe ń kérora nìyẹn. Tìẹ ò jọ ti ẹni tó gbẹ́rù."