Omi Tí Bàbá Fẹ́ Dà Sínú Ọkọ̀

Jẹ́jẹ́ ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó rí i kó tẹ bíréèkì lójijì rí. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi fọ aṣọ nílé ìwòsàn kó tó lọ bá bàbá rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, pé kí wọ́n kọ́ òun, obìnrin, ní mọ́tò wíwà. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹgbàáta òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan ló wà nínú páálí lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá tó ń wà, gbogbo wọn ń ké ṣíó-ṣíó. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n gbọ́dọ̀ ti dé oko. Bàbá jókòó tì í. Wọ́n ní ilé ti sú àwọn.

Iná pupa kan ṣàdédé tàn níwájú Jẹ́jẹ́ nínú ọkọ̀. Omi èéfín ti fẹ́ tán, ẹni tó wa ọkọ̀ náà lánàá kò sì sọ. Táǹkì méjì ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní: ńlá fún dísẹ́ẹ̀lì, kékeré tó ní ìdérí búlúù fún omi tí ń fọ èéfín kó tó jáde. Bí omi yẹn bá tán, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ eré sílẹ̀, á máa wọ́ bí ìgbín.

Ó yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, níbi tí ọkùnrin kan to kẹ́ẹ̀gì omi èéfín sínú oòrùn. Jẹ́jẹ́ gbé ọ̀kan yẹ̀ wò. Wọ́n ti já ìdérí rẹ̀, oòrùn sì ti pa ìwé ara rẹ̀ rẹ́.

"Ìgbà wo ni wọ́n ṣe é?"

"Mọ́mì, ṣé búrẹ́dì ni?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ojúlówó ni o. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tí wọn ò tíì ṣí, ó di ṣọ́ọ̀bù tó wà níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù. Ó sì jìnnà."

"Omi lomi ń jẹ́," Bàbá ní. "Ra nǹkan, ká máa lọ. Àwọn ọmọ adìyẹ ń kú lọ lẹ́yìn."

Jẹ́jẹ́ sáré lọ ṣí fèrèsé ẹ̀yìn ọkọ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Nígbà tó padà, ìdérí búlúù ti wà nílẹ̀, àrọ ti wà lẹ́nu táǹkì, Bàbá sì ti gbé kẹ́ẹ̀gì sókè.

"Bàbá!"

Ó gbá ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ohun tí kò ṣe rí láyé. Àrọ já bọ́ sílẹ̀, omi dà sórí rẹ̀, ó sì dà sí bàtà Bàbá.

"Ọwọ́ mi lo gbá mú?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ wo ilẹ̀."

Epo ń dán lójú omi náà. Ọkùnrin olómi wo àrọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Òun náà la fi ń rọ dísẹ́ẹ̀lì."

Jẹ́jẹ́ fi áńkáṣífù funfun nu ẹnu táǹkì yí ká. Ó wò ó títí. Ó gbẹ, nǹkan kan ò tíì wọlé. Àmọ́ nígbà tó tún ṣáná sí ọkọ̀, omi èéfín ti tán, ọkọ̀ kọ̀ láti sáré. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, wọ́n ń bú u. Igbe ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń lọ sílẹ̀.

Bàbá yí padà, wọ́n gbé etí lé ihò tó wà lẹ́yìn àga.

"Wọ́n ṣì ń ké," ni wọ́n wí. Bàbá tún gbé etí lé e. "Wọ́n ṣì ń ké."

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù náà, inú iyàrá tútù ni obìnrin tó ni ín kó kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ sí. Jẹ́jẹ́ ka déètì, ó fọwọ́ kan ìdérí tí ẹnikẹ́ni ò tíì já, ó ra méjì. Ó dà á tán, ó pa ọkọ̀, ó dúró díẹ̀, ó tún ṣáná sí i. Iná pupa kò kú. Lẹ́yìn náà ni iná náà kú, ọkọ̀ sì tún ń sáré.

Oòrùn ti kọjá àtàrí kí wọ́n tó dé oko. Olóko ṣí páálí, ó ń ṣa òkú sọ́tọ̀. Nígbà tó kà á dé ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀, ó kọjú sí Jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ le.

"Ìwọ awakọ̀, kí lo ń ṣe lójú ọ̀nà?"

Bàbá ti bọ́ sáàárín wọn. "Ẹ má bá a wí," ni wọ́n ní. "Èmi àgbàlagbà yìí ni mo dá a dúró."

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé páálí tó ṣẹ́ kù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.