Ọjọ́ Tí A Gbé Ọ̀rọ̀ Oko Wa Lọ sí Kàbà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí èmi àti Bàbá Àgbà fi Ìyàrà, ìlú wa, sílẹ̀. Bàbá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun sì ni olórí ẹbí wa. Ó wọ agbádá funfun kan ṣoṣo tó ní, ó so bàtà rẹ̀ kọ́ èjìká kí ìrì má baà bà á jẹ́, ó ń yan níwájú bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Èmi tíṣà tó yẹ kí n mọ ọ̀nà jù ú lọ, ẹ̀yìn ni mo ń sáré tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé wa jáde. Nígbà tí ìjọba ń la ọ̀nà mọ́tò, ó gba ìsàlẹ̀ oko wa kọjá, níbi tí kọfí wa ti ń so dáadáa jù. Wọ́n san owó ilẹ̀ fún wa. A kò tíì mọ adùn owó náà tí àìsàn ìyá mi fi gbé e mì, ìyá náà kò sì dúró. Ìgbà tí a sìnkú tán ni àwọn agbowó-orí dé, wọ́n ní èrè ni a jẹ lórí ilẹ̀, a gbọ́dọ̀ san haraji lórí rẹ̀. Haraji ni àwọn ará Òkè Ọya ń pe owó orí, àwa náà ti kọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ibi tí a ó ti rí i kò sí, àfi kí a fi oko òkè, èyí tó ṣẹ́ kù fún wa, dógò fún oníṣòwò kọfí kan tí ojú rẹ̀ ti wà lára oko náà tipẹ́. Ẹnì kan ló wá ta wá lólobó pé bí ilẹ̀ bá ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹbí, wọ́n lè yọ ẹbí náà kúrò nínú sísan án, bí olórí ẹbí bá lè dé ọ́fíìsì ìjọba ní Kàbà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Bọ́lẹ́kájà tó ń kó ẹ̀kùrọ́ ni a rí wọ̀. Awakọ̀ rẹ̀ yọ orí síta, ó kí wa bí a ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wa.

"Bàbá, okun o. Ṣílè kan ni fún ẹ̀yin méjèèjì."

"Okun, ọma mi. Ṣé a ó sun ibẹ̀ ni, tí o fi ń gba owó ilé lọ́wọ́ wa?"

Awakọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. Kò dín kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé Bàbá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìgba àfikún. Èmi gun orí àpò ẹ̀kùrọ́ lẹ́yìn. Erùpẹ̀ pupa bò wá tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ ojú ẹni tó jókòó tì mí mọ́. Bí a bá dé afárá onígi, gbogbo wa a bọ́ sílẹ̀, a ó fẹsẹ̀ rìn kọjá, mọ́tò a máa ké bọ̀ lẹ́yìn wa. Nígbà tí a dé ibi tí kọfí wa wà tẹ́lẹ̀, mo rí i láti ẹ̀yìn pé Bàbá ṣí fìlà. Táyà ń yí lórí ibi tí ìyá mi ti ń ká kọfí. Mo sunkún níbẹ̀, erùpẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Kàbà tóbi ju tiwa lọ. Òrùlé páànù pọ̀, àwọn Owé tó ni ìlú sì ń kí ara wọn ní "okun" bíi tiwa, ohùn wọn nìkan ló yàtọ̀. Obìnrin Fúlàní kan ń ta fùrá ní kọ́bọ̀ kan igbá kan. Jéró ni wọ́n gún, tí wọ́n pò mọ́ wàrà kíkan. Bàbá tọ́ ọ wò, ó ní ògì tí wọ́n gbàgbé láti sè ni. Ó mu ún tán ṣá o.

Ní ọ́fíìsì, dógárì kan, ìyẹn ọlọ́pàá ìbílẹ̀, nawọ́ sí bẹ́ǹṣì fún wa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin jókòó síbẹ̀, kò sí èyí tó dìde fún Bàbá. Nígbà tó kàn wá, orúkọ àbísọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi pè é, bí ẹni ń pe ọmọ iléèwé. Nílé wa, àgbà nìkan ló lè pe àgbà bẹ́ẹ̀. Bàbá kò bínú. Ó ní ìlú tí a bá dé, àṣà ibẹ̀ ni a ń dá.

Akọ̀wé tó pè wá jẹ́ ọmọ Ìlọrin, ara rẹ̀ balẹ̀.

"Bàbá, ìbéèrè kan ló kù. Oko tí ọ̀nà gbà kọjá yìí, ta ló ni ín?"

"Kì í ṣe tèmi, ọma mi. Ta ló lè ní ilẹ̀? Àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀. Bí mo bá jẹun tán, màá dìde fún ẹlòmíràn."

Bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ láàárín wa nìyẹn. Ẹni tó bá pe ilẹ̀ ní tirẹ̀ ti pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n àwọn òkú. Bí a bá fẹ́ wa iṣu tuntun, àlejò náà ni a ń pe ara wa kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀.

Akọ̀wé gbé kálàmù sílẹ̀. "Ṣé ẹ ti pẹ́ níbẹ̀?"

"Bàbá tó bí bàbá bàbá mi wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ sọ pé tiyín ni, kí n kọ ọ́, kí ẹ máa lọ sílé."

"Tiwọn ni. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo èrò. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé tiwa ni."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ṣé kí n lé bàbá mi jáde nílé rẹ̀ ni?"

Akọ̀wé náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó tún bi í léèrè, ó bẹ̀ ẹ́ pàápàá. Níkẹyìn ó ní ẹni tí kò bá pe ilẹ̀ ní tirẹ̀, òun kò lè kọ ọ́ pé ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní kí n máa bá wọn wá owó náà.

Bàbá ti ń kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pé ó dìgbà. Kò gbọ́.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìrìn àjò náà ni pé inú rẹ̀ dùn bí a ti ń padà bọ̀. Ó ra àkàrà fún mi, ó ní òun kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjọba rọrùn tó báyìí, wọ́n bi òun, òun dáhùn, ó parí.

A bá ẹbí lójúde, wọ́n ń kí wa ní okun, okun. Bàbá jókòó, ó ròyìn ohun tí wọ́n bi í àti èsì tó fún wọn. Gbogbo wọn ní ó ṣe é re, àgbà ló sọ̀rọ̀. Èmi ni mo wá ní láti sọ fún wọn pé èsì yẹn ló gba oko òkè lọ́wọ́ wa. Mo sọ ọ́.

Bàbá gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ìwọ tí o kàwé, ká ní ìwọ ni wọ́n bi, kí ni o bá wí?"

Mo ti ní ìdáhùn náà lẹ́nu láti Kàbà. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ojú gbogbo wọn. Mo wá bojú wo ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a sin ìyá mi sí.

Mo ní, "Ohun tí ẹ sọ náà ni, Bàbá."