Orin Tí Wọ́n Gbà Lẹ́nu Ìyá Mi

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí Bàrígà àtijọ́ ṣe dùn tó, kó lọ bi àwọn tó máa ń ti Èkó wá ṣe fàájì níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kó má bi mí. Wọ́n á sọ fún un nípa afẹ́fẹ́ ọ̀sà, nípa iyanrìn, nípa àwọn ọkọ̀ ọlọ́nà tí a so mọ́ èèkàn létí omi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì dé Ojú Ọ̀nà Ìkòròdú, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn gba Ṣómólú kọjá, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú agboòrùn àti giramafóònù. Wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n á jẹ ẹja wa, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ará ibí yìí mà ń jayé o!" Bí oòrùn bá sì ti fẹ́ wọ̀, wọ́n á ká ẹní wọn, ó di ilé.

Ìlàjẹ ni wá. Láti etíkun ìhà Òndó ni àwọn òbí mi ti tukọ̀ wá, wọ́n sì kọ́ ilé onípákó sí etí ọ̀sà, ní ibi tí wọ́n ń fi orúkọ wa pè títí dòní. Ṣùgbọ́n ìlú àtijọ́ ni Bàrígà, ó ní àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó. Òkè ni àwọn yẹn ń gbé, ìsàlẹ̀ ni àwa ń gbé. Lọ́dọọdún la máa ń kó ẹja yíyan lọ fún Bàbá onílẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀. Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀, ìyá mi á kúnlẹ̀, Bàbá onílẹ̀ á sì máa rin orín lẹ́nu bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló wọlé. Mo mọ agbọ̀n ẹja yẹn, nítorí èmi ni mò ń rù ú.

Apẹja ni bàbá mi, ṣùgbọ́n òun náà ni í kun ọkọ̀ fún gbogbo ìsàlẹ̀. Á ya ẹja sí imú ọkọ̀, á ya ẹyẹ, á ya ojú méjì tí ń wo omi. Ìyá mi ní tirẹ̀ ń yan ẹja, inú èéfín ẹja yẹn ló sì ti máa ń kọrin. N kò sọ pé ó ń kọ orin tí àwọn mìíràn ti kọ o. Tirẹ̀ ló ń dá. Á di ojú nítorí èéfín, ètè rẹ̀ á máa jì, nígbà tó bá yá á pè mí, èmi àkọ́bí rẹ̀, á kọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun kan náà ló máa ń bèèrè: "Ṣé ó dùn ún gbè?" Bí mo bá lè gbè é lójú ẹsẹ̀, ó dára. Bí mi ò bá lè gbè é, á ní ìwàásù lòun ṣe, kì í ṣe orin, á sì dà á nù.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni ìdíje ọkọ̀ wa. Ọkọ̀ kan ti òkè, ọkọ̀ kan ti ìsàlẹ̀. Àwọn ọkùnrin á máa fi àjẹ̀ gbá omi, àwọn obìnrin ìhà kọ̀ọ̀kan á dúró létí ọ̀sà, wọ́n á máa fi orin bú ara wọn. Èébú gidi ni. Àwọn ará òkè kọ ọ́ lórin pé etí bàbá mi tó fi ta ìgbòkun, bàbá mi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àṣà ibẹ̀ ni pé ohun tí a bá fi orin sọ lọ́jọ́ náà kì í di ẹjọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀sà ti gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì ẹni tó pè ọ́ ní olórí ìkòkò á wá ra ẹja lọ́wọ́ rẹ, ẹ ó sì jọ kí ara yín dáadáa.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àkọ́bí Bàbá onílẹ̀ ló ní òun ni yóò jókòó sídìí ọkọ̀ òkè láti darí rẹ̀. Akọ̀wé ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti bàtà aláwọ wọ inú ọkọ̀, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Àwọn àlejò rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ wà lábẹ́ àgbọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ọkọ̀ òkè fẹ́ ya tiwa sílẹ̀, ó dìde dúró láti juwọ́ sí wọn. Ọkọ̀ dojú dé. Ọ̀gbẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé òun ń kú lọ, ó ń lu omi, ó ń mu ún, títí ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn wa fi sún mọ́ ọn tó sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ dìde dúró." Ó dìde. Omi kò kọjá ìdodo rẹ̀.

Gbogbo etí ọ̀sà bú sẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀, ìyá mi ti gbé orin:

*Ọmọ onílẹ̀ wọ bàtà wọ odò,*
*Ẹ bá wa ní kó dìde.*
*Omi ò ju ìdodo lọ,*
*Onílẹ̀ ò mọlẹ̀ mọ́ o!*

Àwọn obìnrin wa gbè é. Àwọn obìnrin òkè náà gbè é, wọ́n ń di ikùn mú. Àlejò gbè é. Obìnrin kan tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa, tí òun àti ìyá mi jọ ń yan ẹja, tí wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, ló gbè é jù. Ó ká ìró dé orúnkún, ó ń jó nínú omi, ohùn rẹ̀ bo ti gbogbo wa mọ́lẹ̀. Mi ò rò pé mo tún rí ìyá mi kí inú rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èdè Ìlàjẹ la ń sọ nílé. Ká ní ó fi Ìlàjẹ kọ orin náà ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá Èkó ló fi kọ ọ́ kí àwọn ará òkè lè gbọ́ ọ dáadáa, àwọn àlejò náà sì gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀sà kò ráyè gbé e lọ. Inú bọ́ọ̀sì ni orin ìyá mi wọ̀, ó dé Èkó kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. A gbọ́ pé bí akọ̀wé wa ṣe wọ ibi iṣẹ́, ẹnìkan ń súfèé rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn tó wá ṣe fàájì kọ ọ́ wọ ìlú, wọ́n gba iwájú ilé Bàbá onílẹ̀ kọjá. Wọ́n tilẹ̀ juwọ́ sí i.

Ó ránṣẹ́ pè wá. Bàbá mi, ìyá mi, àti gbogbo obìnrin tó dúró létí omi lọ́jọ́ náà. Èmi náà tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú agbọ̀n ẹja, nítorí a kì í lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ó ní, "Ta ló dá orin tó fi ọmọ mi ṣẹ̀sín?"

Ìyá mi ní, "Bàbá, èmi ni. Ẹ má bínú."

"Àwọn wo ló bá ọ kọ ọ́?"

Ìyá mi yíjú sí àwọn obìnrin tó kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n fúnra wọn sọ ọ́. Ọ̀kan ní ẹja lòun ń tà ní tòun. Èkejì ní òun ò tilẹ̀ mọ bí orin náà ṣe ń lọ. Nígbà tó kan aládùúgbò wa, ó kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì, ó ní, "Bàbá, òun nìkan ni. A ní kó dákẹ́, kò gbọ́." Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo wò ó títí, kò wo ibi tí mo wà.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Bàbá, orin ọjọ́ ìdíje ni. Àwọn baba yín ló fi àṣà náà lélẹ̀ pé kì í di ẹjọ́."

Bàbá onílẹ̀ yọ orín kúrò lẹ́nu. Ó ní, "Baba mi ti kú."

Lẹ́yìn náà ló dá ẹjọ́. Ká wó ilé wa kúrò lórí ilẹ̀ òun kí òjò tó dé, tàbí kí ìyá mi dá orin mìíràn, orin ìyìn fún ọmọ òun, kó wá kọ ọ́ lójú àwọn àlejò lọ́jọ́ Àìkú. "Kó sì dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ," ló wí. "Bí wọn ò bá gbè é, ẹ máa kó ẹrù yín."

A délé, bàbá mi jókòó sára ọkọ̀ tó ń kùn lọ́wọ́, ó ń bẹ ìyá mi. Ó ní orin ṣá ni, ẹnu ló fẹ́ fi kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó ní níbo la fẹ́ kó ọmọ lọ. Òótọ́ ni, a ò níbi tí a fẹ́ lọ, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ inú bí mi sí i.  Ìyá mi padà sínú èéfín, ó di ojú. Lọ́tẹ̀ yìí kò pè mí wá gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n gbé àga fún akọ̀wé lábẹ́ àgbọn. Ìyá mi wọ aṣọ ìjọsìn rẹ̀, ó dúró níwájú rẹ̀, ó gbé e:

*Ọmọ onílẹ̀ ń bọ̀, ẹ yà fún un,*
*Ó dé etí ọ̀sà, omi tòrò.*
*Abẹ́ igi ńlá la sá sí,*
*Òjò ò pa wá o.*

Orin náà dára. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ká ní ó burú ni, ǹ bá rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín. Ó dára débi pé ara mi fẹ́ gbè é kí n tó fi eyín bu ètè mi. Àwọn àlejò gbè é, àwọn ará òkè gbè é, àwọn obìnrin wa gbè é, ohùn ta ló sì bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ bí kò ṣe ti aládùúgbò wa? Ọkùnrin kan tó wọ fìlà òyìnbó sọ fún bàbá mi pé, "Ìlú yín lórin o, ẹ má jẹ́ kó parun." Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ò kó ẹrù.

Ìyá mi kò dá orin kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí ìdíje yí po, àwọn obìnrin wá bá a, ó ní kí wọ́n kọ èyí tí wọ́n mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́. Òkè kọ ọ́, ìsàlẹ̀ kọ ọ́, ìhà méjèèjì ń yin onílẹ̀ kan náà, ọkọ̀ yòówù kó ṣíwájú. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wá dà bí ètò ilé ẹ̀kọ́. Àwọn tó ń wá ṣe fàájì ní ọ̀làjú ti dé Bàrígà.

Èéfín jẹ àyà ìyá mi tán, ó kú nígbà tó ku díẹ̀ kí a gba òmìnira. Mo ti di ọ̀dọ́mọbìnrin nígbà náà. Bàbá onílẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀, akọ̀wé ló gba ilẹ̀, òun náà sì wá sí ìsìnkú pẹ̀lú bàtà aláwọ rẹ̀. Bí a ṣe fẹ́ gbé òkú sọ̀ kalẹ̀, aládùúgbò wa bọ́ síwájú. Ó ní ká fi orin tó dára jù nínú èyí tí olóògbé dá sìn ín lọ, ló bá gbé e: *Ọmọ onílẹ̀ ń bọ̀, ẹ yà fún un.*

Mo ní, "Ẹ pa ẹnu yín mọ́."

 Ẹnìkan ń sọ lẹ́yìn mi pé ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú. Ó kù fún wọn. Mo bọ́ sétí sàréè, mo wo akọ̀wé lójú, mo sì gbé èyí tí ìyá mi fẹ́ràn. Ohùn mi kò dára bíi tirẹ̀. Mo kọ bàtà, mo kọ odò, mo kọ omi tí kò ju ìdodo lọ. Mo dé ibi tó yẹ kí wọ́n gbè é, mo dánu dúró dè wọ́n.

Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Mo yíjú sí bàbá mi. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń wo ẹsẹ̀ akọ̀wé. Ó mọ orin náà dáadáa. Kò gbè é.