Eré Tí Òjò Tú Ká Lọ́nà Iffe

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, ẹni tó ń po oògùn ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kàbà, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Àlọ́ ló fi í pa. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni.

Kí òmìnira tó dé ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tísà, òjò ọdún náà sì ti dé ìdajì kí n tó dé Kàbà. Mo bá àwọn bíi mẹ́jọ níbẹ̀ tí kíríkẹ́ẹ̀tì ti wọ̀ lẹ́jẹ̀, akọ̀wé àti tísà tí wọ́n kàwé lókè Àríwá, tí wọ́n sì kó eré òyìnbó náà, tí wọ́n ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù, bọ̀ wálé. Wọn kì í sábà pé mọ́kànlá, ká má tíì sọ ti méjìlélógún tí eré náà ń fẹ́. Nítorí náà, ẹnu la fi ń gbá a jù. Bí a bá ṣíwọ́ iṣẹ́, a ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, a ó máa fi òfin eré náà pa àlọ́ fún ara wa.

Ẹnìkan á ní, "Ó wọ ojú ogun, kò rí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo gbá, wọ́n sì lé e jáde. Kí ni o?" Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ní ẹni tó dúró lódìkejì ni, tó ń sáré bọ̀ nígbà tí wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù wó igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lápá tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ó ti jẹ èébú nìyẹn. Wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan pé tísà tí kò mọ èyí, kí ló ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ?

Ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló máa ń kẹ́yìn. Òun ni onídàájọ́ wọn, nítorí Mùsùlùmí tí kì í sọ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí ni. Á ní, "Òjò tú eré ká. Wọ́n bi onídàájọ́ léèrè ọ̀rọ̀, kò dáhùn. Kò sì ká igi. Ọjọ́ wo ni eré náà parí?"

Igi mẹ́ta ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan pápá, wọn a sì tẹ́ igi kéékèèké méjì lé wọn lórí. Bí onídàájọ́ bá ká àwọn kéékèèké náà kúrò, eré ọjọ́ yẹn parí. Èmi àlejò nìkan ni mo máa ń dáhùn. Àwọn yòókù á máa wolẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì tú àlọ́ náà fún mi. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yẹn ni, ní pápá kan lẹ́bàá ọ̀nà Iffe. Ọ̀dọ́mọkùnrin wolé-wolé kan ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù bà á lẹ́sẹ̀ níwájú igi. Bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ yẹn, ṣé bọ́ọ̀lù ìbá lu igi? Onídàájọ́ nìkan ló lè sọ ọ́: bó bá na ìka kan sókè, ẹni tó ń gbá a ti jáde nìyẹn. Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù yíjú sí i, ó bi í pé, "Báwo ni?" Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mànàmáná kọ, òjò já lulẹ̀, gbogbo wọn sì fọ́n ká. Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sá sí, wolé-wolé ń fún ẹ̀wù rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo ti jáde ni, àbí mo ṣì wà níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kó jẹ́ kó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, wolé-wolé lọ wo ilé ní Makutu. Ibẹ̀ ni àìsàn gbé e dè, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Ìjì ọjọ́ náà ṣí páànù ilé-ìwé lọ. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn igi kéékèèké tí ikọ́ lásán lè gbé ṣubú ṣì wà lórí igi mẹ́ta náà. Àwọn tó ń lọ sóko rí i, wọ́n ní ààlè ni. Wọn kò mọ ẹni tó pa á, wọn kò sì fọwọ́ kàn án. Wọ́n la ọ̀nà mìíràn yí pápá náà ká.

"Láti ìgbà náà," ó ní, "bí oòrùn bá ti kàn tàrí, mo ń gbọ́ ìró pátákó lára bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Á wá dákẹ́, bí ẹni tó ń dúró de èsì."

Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun Àyìlà, a sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ìyá kan tó ru iṣu bọ̀ kí wa, "Okun o." A ní okun. Ó ní ká má gba ibẹ̀ yẹn o, wọ́n pa ààlè síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní òun ló ni ín. Obìnrin náà wò ó títí a fi kọjá.

Koríko ti mù wá dé ìdí, àfi ojú kan níwájú igi, tí kò ju àtẹ́lẹsẹ̀ méjì lọ, tí ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ lóló. Ikán ti fi erùpẹ̀ bo igi mẹ́ta náà. Mo fọwọ́ kàn án, mo rí i pé inú rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ti jẹ igi tán, ìrísí igi ló kù. Àwọn kéékèèké sì wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ dúró ní apá kejì. Ó ní onídàájọ́ kì í dájọ́ láìjẹ́ pé wọ́n bi í, ẹni tó sì bi òun ti sá fún òjò, kí èmi bi òun. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"N kò rí i o. Mànàmáná ló bò mí lójú. Òfin sì ni pé bí onídàájọ́ bá ṣiyèméjì, kí ẹni tó ń gbá a máa gbá a lọ."

Ìgbà náà ló tó yé mi. Bó bá sọ òótọ́, ọmọ tó kú yẹn yóò máa dúró síbẹ̀ títí ni. Bó bá lé e jáde, ó ti purọ́ lórí omi àlùwàlá tí kò tíì gbẹ lára rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, báwo ni?"

Ó wá na ìka kan sókè.

Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́. N kò ní búra fún ọ, ṣùgbọ́n koríko là níwájú mi, díẹ̀díẹ̀, láti ojú ilẹ̀ mímọ́ yẹn títí dé etí ọ̀nà, bí ìgbà tí ẹni tí kò fẹ́ lọ bá ń lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń fojú sìn ín. Nígbà tó tó, ó lọ ká àwọn igi kéékèèké náà. Igi mẹ́ta ìsàlẹ̀ wó di ìyẹ̀pẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kò gbọ́ ìró náà mọ́. Kò sì ṣe onídàájọ́ mọ́. Bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́, á ní ìka òun kò mọ́.

Ó pẹ́ tí a ti sin ín. Lọ́dún tó kọjá mo gba ibẹ̀ kọjá, mo sì yà wò ó. Koríko ti hù dáadáa níbi tí wolé-wolé dúró sí. Àmọ́ lápá kejì, níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé na ìka sókè, mo rí ojú ilẹ̀ kan tí kò ju àtẹ́lẹsẹ̀ méjì lọ, tó mọ́ lóló.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, bó ṣe pa á fún mi ni mo ṣe pa á fún ọ: ọjọ́ wo ni eré náà parí?