Òwàwà Lórí Ayélujára

Ní Sọ́ńdè tí àlùfáà wa kéde pé èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ máa pín dátà ọ̀fẹ́ fún gbogbo ará Ìdànrè, gbọ̀ngàn ìjọ kún dẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí kì í yọjú síbi ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì yọjú. Àwọn ìyá ìjọ Kátólíìkì pàápàá wá, tàwọn ti fóònù lọ́wọ́. Mo rò pé ìfẹ́ àwọn ẹ̀dá inú igbó ló kó wọn wá, àfi ìgbà tí bàbá àgbàlagbà kan na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ púpọ̀. Gíìgì kan péré ti tó mi."

Mo ṣàlàyé pé dátà tiwa kọ́ ni èyí tí wọ́n fi ń wo fídíò. Àkọsílẹ̀ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí ni: ẹranko wo, ibo la ti rí i, ìgbà wo la rí i, fọ́tò rẹ̀ dà. Ẹni tó bá rí i á gbé e sórí ìkànnì wa, ẹnikẹ́ni lágbàáyé á sì lè mú un lò láìtọrọ àyè, láìsan kọ́bọ̀.

Bàbá náà wò mí tàánútàánú. "Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé èmi ni màá fowó mi ra dátà kí n tó lè fún ọ ní dátà?"

Ìdajì gbọ̀ngàn bá dìde, wọ́n ń lọ sílé.

Èmi ni mo kọ́ ìkànnì náà àti áàpù rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, irú iṣẹ́ tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ àyàfi tí nǹkan bá dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí mo wí yìí jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, ẹranko ni iṣẹ́ rẹ̀, Dókítà la sì ń pè é. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní àwọn ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ kó gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹranko òkè wa sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì wọn, wọ́n ti dúrọ́ọ̀ pa, wọ́n sì kú. "Ohun tí èèyàn bá fi pa mọ́ báyẹn," ó ní, "ikán ló ń tọ́jú rẹ̀ dè."

Òwàwà ni ẹranko tó fẹ́ràn jù. Ó dà bí òkété tó gbàgbé ìrù rẹ̀ sílé. Orí àpáta ló máa ń jókòó, á na ikùn sí oòrùn bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ẹni tó bá gun Òkè Ìdànrè tó sì ya fọ́tò òwàwà, tó bá ti gbé e sórí ìkànnì wa, àmì pupa kan á yọ lórí máàpù. Tẹ àmì náà, á sọ àpáta náà gan-an fún ọ. Mo fi máàpù yẹn yangàn débi pé mo fi han ọlọ́kadà tó gbé mi lọ síbi iṣẹ́.

Fọ́tò ń wọlé lóríṣiríṣi. Ẹnì kan tilẹ̀ ya fọ́tò onílé rẹ̀, ó fi í sábẹ́ "ẹranko tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀". A yọ ọ́ kúrò, àmọ́ Dókítà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti Dókítà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, a yà sí ilé oúnjẹ kan ní ìlú Aládé. Ọ̀dọ́kùnrin bíríkìlà kan tó máa ń ṣọdẹ tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́ jókòó nítòsí wa. Ó gbọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ òwàwà, inú rẹ̀ dùn, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ń lo áàpù yìí?" Ó gbé fóònù rẹ̀ sójú mi. Máàpù mi ni. "Ẹni tó ṣe é, Ọlọ́run á bù kún un. Tẹ́lẹ̀, a lè rìn títí ká má rí nǹkan kan. Ní báyìí, ẹ kàn máa tẹ ibi pupa yìí ni, ẹran ti délẹ̀. Àwọn tó wà nínú ọbẹ̀ ìyá olóúnjẹ yìí lónìí, ibẹ̀ ni mo ti rí wọn."

Mo wo àwo iwájú mi. Ẹja ni mo ní kí wọ́n bù fún mi, mo dúpẹ́. Dókítà ò dúpẹ́ ní tirẹ̀. Ó fi síbí sílẹ̀, ó bọ́ síta.

"Tì í pa," ó sọ fún mi nínú mọ́tò. "Gbogbo rẹ̀."

"Tá a bá tì í, kí ló wá yàtọ̀ sí dúrọ́ọ̀?"

"Dúrọ́ọ̀ kì í pa ẹran!"

A jà dé Àkúrẹ́. Mo yọ máàpù kúrò lọ́jọ́ náà, àmọ́ mi ò ti ìkànnì pa, Dókítà ò sì gbé ìpè mi fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Inú mi bà jẹ́. Ó dà bíi pé èmi gan-an ló ń yìnbọn.

Mo rojọ́ fún ìyá mi. Mátírọ́ọ̀nù ilé ìgbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ ò sì tíì fẹ̀yìn tì.

"Ṣé nítorí èyí lo ṣe fajú ro?" ó ní. "Oṣooṣù la máa ń kọ iye ọmọ tá a gbẹ̀bí sára pátákó, kí gbogbo ayé rí i. Ṣé o kà á níbẹ̀ rí pé obìnrin lágbájá ló bí i, nílé báyìí báyìí, àti pé ọkọ rẹ̀ kọ́ ló ni oyún? Kí wọ́n mọ̀ pé Ìdànrè ń bímọ, ó ti tó."

Mo fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Dókítà. Ó pè mí kíá, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

"Bí àwọn ẹgbẹ́ wa níbòmíì ṣe ń ṣe é náà nìyẹn," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n. Inú ló ń bí mi, kì í ṣe pé mi ò gbọ́n."

A bá dá máàpù padà. Lọ́tẹ̀ yìí, òwàwà ò ní àmì pupa mọ́. Òbírí ńlá kan ló bo gbogbo òkè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àpáta gan-an á kọ̀wé sí Dókítà, á sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Mo bi í léèrè ẹranko míì tó yẹ ká tún fi pa mọ́.

"Gbogbo èyí tó bá ṣeé fi jẹ iyán."

"Ní Ìdànrè? Kí ló máa wá kù?"

"Aláǹgbá," ó ní.

Bíríkìlà wa kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ áàpù náà, ó sì fún wa ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo: "Áàpù yìí dára gan-an tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti bà á jẹ́." Dókítà tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Mi ò ní purọ́ pé ìyẹn ló dá ìbọn dúró. Ọkùnrin náà ṣì ní ẹsẹ̀, ó ṣì ní ojú. A kàn jáwọ́ nínú bíbá a jíṣẹ́ ni.

Àkọsílẹ̀ wa ṣì wà ní gbangba. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lókè òkun tí kò tíì fojú kan Ìdànrè rí fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí wa. Ẹni tó wá ń gbé fọ́tò síbẹ̀ jù lọ báyìí ni ìyá mi. Gbogbo ọmọńlé tó bá gba ara ògiri kíṣìnì rẹ̀ kọjá ló ń yà. Lọ́jọ́ kan, onímọ̀ kan láti ìlú òyìnbó kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ pé orúkọ tó pe ọmọńlé náà kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

"Ta ni yẹn?" ìyá mi bi mí. "Ṣé ó ti dé kíṣìnì mi rí ni?"

Mo ṣe ògbufọ̀ fún wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Níkẹyìn, ọkùnrin náà fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó ya fọ́tò àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọńlé náà fún òun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ irú ọmọńlé tó jẹ́. Ìyá mi gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di fóònù rẹ̀ mú, ó sì gun orí àga. Mo di ẹsẹ̀ àga mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.