Ẹni Tí Kò Dáhùn Níbi Ìsìnkú Jíbrílù

Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí ohùn Jíbrílù Ṣàíbù bá ti jáde lórí rédíò, Ganiat ìyàwó rẹ̀ a dìde, a sì ti ilẹ̀kùn ilé. Kì í ṣe pé kò fẹ́ gbọ́. A jókòó ti rédíò náà, a gbọ́ ọ títí dé òpin, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó tì pa ni yóò ti gbọ́ ọ.

Tíṣà ni Jíbrílù. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán yíyà ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Lafiaji, agbo ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló sì ń gbé títí tó fi kú ní ọdún 1976. Kò ga, kò sanra, awò ojú rẹ̀ nípọn. Kò sí ẹni tí yóò rí i láàárín èrò CMS tí yóò yà lọ́nà fún un. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò fún un ní àyè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà: ère tuntun tí wọ́n gbé síta, àwòrán tí wọ́n pàtẹ ní gbọ̀ngàn, ọnà tí àwọn bíríkìlà àtijọ́ ṣe sí ojú fèrèsé petẹ́ẹ̀sì. Èyí tó bá dára, ó sọ pé ó dára. Èyí tí kò bá dára, ó dárúkọ ẹni tó ṣe é.

Àwọn télọ̀ àdúgbò a máa gbé rédíò síta nítorí rẹ̀. Wọ́n á máa bi ara wọn pé, "Ta ló kàn lónìí?" Ganiat kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ẹni tó kàn náà ní ẹsẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú, Jíbrílù sọ̀rọ̀ nípa àwòrán ọ̀gá ṣọ́jà kan tí wọ́n gbé kọ́ sí kílọ́ọ̀bù kan ní Ìkòyí. Ayàwòrán ló bá wí, kò bá ọ̀gá náà wí. Ó ní ọrùn tí wọ́n yà fún ọkùnrin náà rí bí òpó iná, pé bí ó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, àfi kó yí gbogbo ara. Ní ọjọ́ kejì, ṣọ́jà méjì wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì, wọ́n mú un lọ. Nígbà tó padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, awò ojú rẹ̀ ti fọ́ lápá kan, ètè rẹ̀ sì wú. Sùlè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí agbo ilé, béèrè ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí.

"Wọ́n ní kí n ya ọrùn tó dáa," ni Jíbrílù dáhùn. "Mo yà á. Tèmi ló yẹ kí wọ́n gbé kọ́."

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Ganiat wọ yàrá lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń ti ilẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣọ́jà ló padà wá dẹ́rù bà á jù. Rájí ni.

Rájí wá láti Ọ̀yọ́, sìmẹ́ńtì ló fi ń mọ ère. Kò ju ilé méjì lọ láàárín òun àti Jíbrílù, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n. Bí ààwẹ̀ bá dé, àwo kan náà ni wọ́n fi ń ṣínu. Nígbà tí Rájí gba iṣẹ́ ńlá kan, ère obìnrin tó ru omi, tí wọ́n gbé sí iwájú ilé iṣẹ́ kan ní Màrínà, ó gbọ́ pé Jíbrílù yóò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ra bátìrì tuntun sí rédíò rẹ̀. Ó pe àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó pe àwọn àna rẹ̀ pẹ̀lú, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ òun fẹ́ sọ.

Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé: "Obìnrin tí Rájí ọ̀rẹ́ mi mọ sí Màrínà kò ní eegun. Aṣọ ló wọ̀, kò sí ara lábẹ́ aṣọ náà. Bí ẹ bá gbé omi lé e lórí lóòótọ́, yóò wó."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ọmọ ìta ti ń pe Rájí ní Bàbá Aláìléegun. Iṣẹ́ dínkù. Kò pẹ́ tó fi kó lọ sí Lafiaji. Ganiat bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó lọ tọrọ àforíjì. Jíbrílù bi í pé, "Ṣé kí n lọ sọ fún un pé eegun ti wọnú ère náà?" Síbẹ̀, bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń gba iwájú ilé Rájí kọjá, ó sì ń kí i láràárọ̀. Rájí kì í dáhùn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa Jíbrílù, ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ kan. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gbé e síwájú ilé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ganiat dúró lójú fèrèsé òkè, ó ń wo àwọn ọkùnrin tó tò sẹ́yìn òkú. Kí Lèmọ́mù tó kírun, ó kọjú sí wọn, ó ní ẹni tí Jíbrílù bá ṣẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tàbí ní ìṣe, kó yọ̀ǹda rẹ̀, kó forí jì í nítorí Ọlọ́run. Gbogbo wọn dáhùn pọ̀ pé àwọn ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ganiat rí ọkùnrin kan lẹ́yìn pátápátá tí ètè rẹ̀ kò mì. Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó yí padà, ó sì gba ọ̀nà Ìdúmọ̀tà lọ. Rájí ni.

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ Ganiat ní ilé kéú pé Ọlọ́run lè forí ohun tó wà láàárín Òun àti ẹrú Rẹ̀ jì í, ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín ènìyàn méjì, ọwọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló wà. Kò bẹ̀rù ṣọ́jà mọ́. Ṣọ́jà kò lè dé ibi tí Jíbrílù wà báyìí. Ọwọ́ Rájí lè dé ibẹ̀. Bó bá di ojú, ó ń rí ọkọ rẹ̀ tó dúró sí ẹnu ọ̀nà kan láìsí awò ojú, tó ń kí ẹnìkan tí kò dáhùn.

Òun fúnra rẹ̀ kò lè lọ bẹ Rájí, nítorí ó wà nínú opó, opó kì í jáde. Ó rán Sùlè. Sùlè pẹ́ kó tó dé.

"Ó ní òun á wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ," ni Sùlè wí.

"Kí ló ní òun fẹ́ wá sọ, Bọ̀dá Sùlè?"

"Kò sọ. Sìmẹ́ńtì ló ń pò. Kò tilẹ̀ gbójú sókè."

Àwọn obìnrin ilé ní ó fẹ́ wá dójú tì wọ́n níwájú èrò ni. Sùlè náà rò bẹ́ẹ̀. Ó ní òun lè fi àwọn géńdé sí ẹnu géètì, kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́ dá a padà.

"Ẹ jẹ́ kó wọlé," ni Ganiat wí. "Bí a bá lé e padà, ìgbà wo ló tún fẹ́ yọ̀ǹda ọkọ mi?"

Ọjọ́bọ̀ tún ni ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí. Wọ́n ta kánópì síwájú ilé, àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní. Ganiat àti àwọn obìnrin wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn kọ́tìnnì. Àdúrà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí Rájí dé pẹ̀lú eruku sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀. Lèmọ́mù tún béèrè ìyọ̀ǹda fún òkú. Kí èrò tó dáhùn, Rájí ti dìde. Ganiat di kọ́tìnnì mú.

"Lánàá, mo lọ sí Màrínà," ni Rájí bẹ̀rẹ̀. "Mo dúró níwájú obìnrin náà títí oòrùn fi wọ̀. Kò ní eegun."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì.

"Ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ bínú sí i. Ó mọ ilé mi. Ì bá wọlé wá sọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó gbé ère náà síta. Etí àwọn àna mi ló ti sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Lèmọ́mù ní ká dáhùn, gbogbo yín dáhùn pọ̀. Èmi ò fẹ́ bá èrò dáhùn. Gbangba ló ti ṣẹ̀ mí, gbangba náà ni mo ti fẹ́ sọ ọ́. Èmi Rájí, mo yọ̀ǹda Jíbrílù Ṣàíbù. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí."

Ó jókòó. Lèmọ́mù ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀, nítorí ayàwòrán kan dìde, ó sọ tirẹ̀, ó sì yọ̀ǹda. Lẹ́yìn rẹ̀, arúgbó bíríkìlà kan láti Ìjẹ̀bú sọ tirẹ̀. Ganiat kò gbọ́ ẹjọ́ àwọn yìí rí. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó sì tún fò sókè, nítorí ó ń ronú gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti fi sọ̀rọ̀, àti àwọn tí kò sí lórí ẹní náà.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò àwọn télọ̀. Sùlè dìde láti ti ilẹ̀kùn, bí Ganiat ti máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ má tíì tì í, Bọ̀dá," ni Ganiat wí. "Bóyá ẹlòmíì ṣì ń bọ̀."